Ọjọ́ Tí Mo Fi Ìlù Lé Bàbá Yẹmisí Dé Pẹpẹ

Ọjọ́ Àìkú kan wà tó jókòó sọ́kàn mi bí àlejò tí kò mọ̀ pé ilẹ̀ ti ń ṣú. Mo ti lé e títí, kò lọ. Títí di òní, bí mo bá gbọ́ orin ìdúpẹ́ níbikíbi, ì báà jẹ́ lórí rédíò, ara mi á kọ́kọ́ bù máṣọ, n ó wá rọra wo ọ̀tún wo òsì bóyá ẹnì kan ń wò mí. Port Harcourt ló ti ṣẹlẹ̀, èmi ni mo sì fi ọwọ́ ara mi ṣe é.

Àgùnbánirọ̀ ni mí nígbà náà. Ìjọba ní kí n wá máa kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò nílé ẹ̀kọ́ kan lọ́nà Rumuolumeni. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ìṣirò yẹn sọ́kàn, nítorí ó máa tó hàn sí yín pé olùkọ́ ìṣirò yìí ò lè ka ení dé ẹ̀rin kó má fo ọ̀kan. Ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ tí mo lò níbẹ̀, mo wá ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ti ń fi Yorùbá kọrin lọ, torí pé etí mi ti ń yún mí fún èdè ilé. Mo rí ọ̀kan. Àwọn oníṣòwò láti Ògbómọ̀ṣọ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti àwa kọ́pà ló kún ibẹ̀. Mo tún rí ìlù òyìnbó ńlá kan tó dá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan bí opó. Onílù wọn ti kó lọ sí Warri. Nígbà tí pásítọ̀ béèrè bóyá ẹnì kan nínú àwa àlejò mọ ìlù lù, ọwọ́ mi ti lọ sókè kí ọpọlọ mi tó dé bá a.

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé mi ò mọ nǹkan kan. Ní ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ti tọ́ mi nílé, iṣẹ́ tí mo ń ṣe nídìí ìlù ni kí n máa gbé omi fún onílù. Inú fóònù ni mo ti kó gbogbo ìmọ̀ mi. Mo máa ń wo fídíò àwọn onílù tó wà ní Amẹ́ríkà, àwọn tí ọwọ́ wọn ń yára débi pé èèyàn ò ní rí igi tí wọ́n fi ń lù ú mọ́. Ìrọ̀rí àti ike omi ni mo fi ń dán an wò nínú yàrá mi, títí onílé mi fi kanlẹ̀kùn lọ́jọ́ kan tó ní, "Corper, wetin this bucket do you?"

Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ohun tí mo kó nínú fóònù ni èyí tí àwa onílù ṣọ́ọ̀ṣì ń pè ní rolling. Èèyàn á dédé fi ìlù tó ń lù sílẹ̀, á da igi bo gbogbo ohun tó wà níwájú rẹ̀ gbuduburu, á sì fi aro ńlá, àwo irin tó gbé kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlù, parí rẹ̀ gbàmù! Onílù tó gbọ́n lè ṣe é lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì nínú orin kan. Lẹ́yìn gbogbo ìlà ni èmi ń ṣe é. Ìṣòro rẹ̀ sì ni pé gbogbo ìgbà tí mo bá ti ibẹ̀ dé, orin á ti yára ju bí mo ṣe fi í sílẹ̀ lọ. Mi ò mọ̀. Ká ní mo tiẹ̀ mọ̀, mi ò kà á sí, nítorí pé pásítọ̀ wa gbà pé ariwo àti ẹ̀mí mímọ́ jọ ń rìn ni. Bí mo bá ti dà á sílẹ̀ báyìí, á pariwo sínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn pé, "Kọ́pà, iná! Iná!" Èmi náà á sì tún bu epo sí i.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kì í pàtẹ́wọ́ fún mi. Tamuno ni, ọmọ Kalabari tó ń ta gìtá olóhùn ìsàlẹ̀ fún wa. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni ìyá rẹ̀, nítorí náà ó gbọ́ Yorùbá dáadáa, ṣùgbọ́n Pidgin ló fi ń dáni lóhùn.

"My guy, who dey pursue you?" ó bi mí lẹ́yìn ìsìn lọ́jọ́ kan.

"Báwo?"

"The song dey waka, you dey run. If you reach before us, who go sing for you there?"

Ó ní kí n gbàgbé ọ̀rọ̀ rolling. Ó ní kí n di ìlù ẹsẹ̀ mú, kí n di ìlù kékeré tó wà láàárín itan mi mú, kí n jẹ́ kí orin jókòó. Mo rẹ́rìn-ín sínú. Mo ní ìlara ló ń dà á láàmú, torí kò sẹ́ni tó ń pariwo iná fún onígìtá. Àgbá òfìfo ní í dún jù, àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́, àmọ́ àgbá wo ló gbọ́ òwe yẹn tó rò pé òun ni wọ́n ń bá wí?

Bó bá jẹ́ pé orin nìkan ni mo bà jẹ́, ọ̀rọ̀ náà ì bá má pọ̀. Ṣùgbọ́n Yẹmisí wà níbẹ̀. Ohùn kejì ló ń kọ nínú ẹgbẹ́ akọrin. Port Harcourt ni wọ́n bí i sí, Yorùbá rẹ̀ sì máa ń yọ́ wọnú Pidgin kó tó dé ìparí ọ̀rọ̀, ohun tó sì mú mi lọ́kàn jù lára rẹ̀ nìyẹn. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Ọ̀rọ̀ ti wọ̀ láàárín àwa méjèèjì, ó ku kí bàbá rẹ̀ gbọ́.

Bàbá Díákónì ni gbogbo ìjọ ń pe bàbá yìí. Gaàrí àti ẹ̀wà ló ń tà lápòlápò ní ọjà Creek Road. Kì í rẹ́rìn-ín, kì í sì í sáré. Bí òjò bá ń rọ̀ bí ìgbà tí wọ́n ń da omi láti òkè, tí gbogbo ayé ń sá, ṣe ni bàbá á máa rìn nínú rẹ̀. Ó ti sọ fún Yẹmisí pé òun ò ní fi í fún ọkùnrin tí òun ò bá tíì fojú ara òun rí ìwà rẹ̀. Ìdúpẹ́ àádọ́rin ọdún bàbá wá ń bọ̀ lọ́nà. Àdéhùn wa ni pé lẹ́yìn ìdúpẹ́, nígbà tí inú bàbá bá ti dùn, Yẹmisí á mú mi wọlé lọ kí i. Bí bàbá bá gbà mí, mo ti níyàwó nìyẹn. Bí kò bá gbà mí, ìsìnrú ìlú mi ò ní pẹ́ parí, n ó sì di ẹrù mi padà sílé ní àpọ́n.

"Bọ̀dá Kọ́pà, ẹ jọ̀ọ́," Yẹmisí wí fún mi lọ́jọ́ Sátidé tó ṣáájú rẹ̀, "orúnkún Daddy mi no dey too gree. Wọ́n ti ń practise ijó wọn ní parlour since last week. Abeg, jẹ́jẹ́ ni kẹ́ ẹ lù ú fún wọn."

"Má ṣèyọnu," ni mo wí. "Bàbá á jó lọ́la ju bí wọ́n ṣe jó lọ́jọ́ ìgbéyàwó wọn lọ."

Ẹ ò rí ẹnu mi.

Ẹ jẹ́ n rán yín létí bí ijó ìdúpẹ́ ṣe rí lọ́dọ̀ wa. Láti ẹnu ọ̀nà ni ẹni tó ń dúpẹ́ ti máa ń jó bọ̀ pẹ̀lú ẹbí rẹ̀ títí dé iwájú pẹpẹ. Onílù ò gbọ́dọ̀ dákẹ́ kó tó débẹ̀, àbùkù ni. Oníjó náà ò gbọ́dọ̀ já ìlù jù sílẹ̀, torí àgbàlagbà wo ló máa gbà kí wọ́n sọ pé ìlù borí òun lọ́jọ́ ọlá òun? Ojú onílù á wà lẹ́sẹ̀ oníjó, etí oníjó á wà lọ́wọ́ onílù. Àṣà tó dára ni, bí ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì bá ní làákàyè.

Ọjọ́ pé. Mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, mo ra igi ìlù tuntun, mo tiẹ̀ fín lọ́fínńdà sí ọrùn ọwọ́ mi, bí ẹni pé ìlù ní imú. Àwọn akọrin gbé orin, orin náà sì jókòó dáadáa. Bàbá Díákónì yọ lẹ́nu ọ̀nà nínú agbádá aláwọ̀ aró, ìyàwó rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àwọn ọmọ tẹ̀ lé wọn, ẹ̀gbọ́n bàbá lóbìnrin kan tó ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá sì ru abọ́ èso lẹ́yìn. Bàbá gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó sinmi. Ó gbé tòsì, ó sinmi. Ijó àgbà tó lẹ́wà ni. Ká ní mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni, ìtàn mi ì bá ti parí síbí.

Ṣùgbọ́n Yẹmisí ń wò mí láàárín àwọn ọmọ. Mo bá rọra da rolling kan sílẹ̀, kékeré báyìí. Nígbà tí mo fi máa padà sórí ìlù, orin ti yára díẹ̀. Bàbá náà yára díẹ̀. Mo rí ẹsẹ̀ rẹ̀, inú mi dùn, mo ní, "Háà, bàbá ń gbádùn mi!" Mo tún da òmíràn. Bàbá tún yára sí i. Èmi rò pé bàbá ló ń fẹ́ eré, pé kí n má já a kulẹ̀. Bàbá, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe wá gbọ́ lẹ́yìn náà, rò pé èmi ni mò ń lé òun, ó sì ti búra nínú ara rẹ̀ pé ọmọdé kan ò ní fi ìlù dójú ti òun níwájú ìjọ. Báyìí ni àwa méjèèjì ṣe ń bu ọlá fún ara wa títí ọ̀rọ̀ fi di eré ìje.

"Kọ́pà, iná!" pásítọ̀ ké. "Iná!"

Mo bá di ojú mi.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ onílù ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ mọ̀ pé bó bá ti dijú, kò sí láyé mọ́. Ẹnu àwọn ẹlòmíràn ni mo ti gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Wọ́n ní orin ò ráyè jáde lẹ́nu àwọn akọrin mọ́, "Halelúyà" di "Lúyà," "Lúyà" di "Yà." Gèlè ìyá Yẹmisí tú. Ọ̀pẹ̀ òyìnbó bọ́ nínú abọ́ tí ẹ̀gbọ́n bàbá rù, ó yí wọ abẹ́ àga lọ, ìyá náà sì pariwo pé, "Ẹ gbà wá o, kí ló ń lé wa?" Tamuno gbé gìtá rẹ̀ kalẹ̀, ó káwọ́ gbera. Bàbá Díákónì, ẹni tí kì í sáré fún òjò, sáré la àárín ṣọ́ọ̀ṣì kọjá, agbádá ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, ó kọjá ibi tó yẹ kó dúró sí, orúnkún sì kọ̀ fún un lẹ́bàá pẹpẹ. Ó jókòó gbì sórí àtẹ̀gùn. Àwọn akọrin dákẹ́, pásítọ̀ pàápàá dákẹ́.

Èmi ò dákẹ́. Mo ṣì wà níbẹ̀, èmi nìkan, ojú dídì, mò ń mi orí, mò ń da igi bolẹ̀ gbuduburu. Mo fi aro parí rẹ̀ gbàmù, mo sì na igi méjèèjì sókè kí àtẹ́wọ́ wá bá mi níbẹ̀. Kò sí àtẹ́wọ́. Mo lajú. Gbogbo ìjọ ń wò mí. Bàbá Díákónì ń wò mí láti ilẹ̀, ó di orúnkún mú. Yẹmisí nìkan ni kò wò mí, ó ti fi ọwọ́ bojú.

Wọ́n gbé bàbá sórí àga, wọ́n sì gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn fún un kó wá dúpẹ́.

"Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa tó dá ẹ̀mí mi sí fún àádọ́rin ọdún," ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Mo sì dúpẹ́ jù pé ó dá a sí láàárọ̀ yìí."

Ẹ̀rín bú kalẹ̀. Ká ní ilẹ̀ lanu, ǹ bá wọ inú rẹ̀ tìlù-tìlù.

Nígbà tí ìsìn parí, Yẹmisí kọjá lára mi, ó ní, "Bọ̀dá Kọ́pà, abeg, not today." Ó yẹ kí n gbọ́. Ṣùgbọ́n mo ní ọmọ tí wọ́n bí dáadáa ni mí, mo gbọ́dọ̀ lọ tọrọ àforíjì. Mo lọ bá wọn nílé. Bàbá wà ní parlour, wọ́n ti fi aṣọ wé orúnkún rẹ̀, wọ́n gbé ẹsẹ̀ náà lé àpótí ìjókòó kan. Mo sáré wọlé, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, orí mi gbá àpótí, àpótí yẹ̀, ẹsẹ̀ bàbá já lulẹ̀ gbì.

"Yéè!"

Nígbà tí wọ́n ti gbé ẹsẹ̀ padà sáyè rẹ̀, bàbá wò mí lórí ìdọ̀bálẹ̀ tí mo wà. "Ṣé ìwọ kọ́ lo lù mí ní ṣọ́ọ̀ṣì?"

"Ìlù ni mo lù, sà."

"Èmi ni o lù."

Ìyá Yẹmisí rò pé òun fẹ́ gbà mí sílẹ̀. Ó ní, "Bàbá Yẹmisí, ẹ má bínú. Òun gan-an ni ọmọkùnrin tí Yẹmisí ní òun fẹ́ mú wá kí yín."

Bàbá ò pariwo. Ó yà mí lẹ́nu bí ohùn rẹ̀ ṣe tutù tó. "Orin kan ṣoṣo ni mo ní kó bá mi lù. Kò lè dúró tì í títí tó fi parí. Ṣé ọmọ mi ló máa wá dúró tì?" Ó mirí. "Dìde, máa lọ. Kó o sì rọra lọ o, má sáré."

Mo ti gbọ́ èébú rí, ṣùgbọ́n ìyẹn wọ eegun. Bí mo ṣe ń rìn lọ sí yàrá mi, mò ń wo ẹsẹ̀ ara mi, mo sì rí i pé mò ń sáré.

Mi ò dé yàrá mọ́, ọ̀dọ̀ Tamuno ni mo gbà lọ. Ó kọ́kọ́ fi mí rẹ́rìn-ín tẹ́rùn ná. Lẹ́yìn náà ló mú mi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó kó gbogbo ìlù ẹ̀gbẹ́ àti aro ńlá kúrò níwájú mi, ó tì wọ́n mọ́ yàrá akọrin. Ó fi ìlù ẹsẹ̀ sílẹ̀ fún mi, pẹ̀lú ìlù kékeré àti aro méjì tó ń pàdé ara wọn. "Foot, hand. Foot, hand," ó ní. "Finish. No put pepper." Ó wá ra bọ́ọ̀lì àti ẹja sísun, ó jókòó síwájú mi, ó ń jẹ ẹ́ bí mo ṣe ń lù. Òfin rẹ̀ ni pé mo gbọ́dọ̀ lu ìlù kan náà títí yóò fi jẹun tán. Bí mo bá yára, á dá oúnjẹ dúró, á na ìka sí mi: "You wan make I choke?" A ó tún bẹ̀rẹ̀ láti orí. Ọ̀pọ̀ ẹja ló tutù nítorí mi.

Ẹ̀yin èèyàn mi, kò sí ìlù tó le tó èyí tó rọrùn. Láàárín ìgbà tí ẹsẹ̀ bá lù àti ìgbà tí ọwọ́ bá lù, àyè kan wà tí nǹkan kan ò gbọ́dọ̀ sí. Àyè kékeré yẹn fẹ́ẹ̀ pa mí. Ọwọ́ mi á máa yún mí, ara mi á máa sọ pé kí n fi nǹkan dí i. Ibẹ̀ ni mo ti wá rí i pé kì í ṣe òye ló ń mú mi da igi bolẹ̀. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Ó ń bà mí pé bí mi ò bá pariwo, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé mo wà níbẹ̀. Mo fi fóònù gba ohùn ìlù mi sílẹ̀ kí n lè gbọ́ ọ, ohun tí mo gbọ́ burú débi pé mo ní fóònù náà ti bàjẹ́. Mo yá ti Tamuno. Àìsàn kan náà ló ń ṣe fóònù tirẹ̀ náà.

Mo wá ń lu itan mi káàkiri ìlú. Lọ́jọ́ kan nínú ọkọ̀ tó ń ti Rumuokoro bọ̀, a fún mọ́ra wa, mo sì ń lu ìlù mi jẹ́jẹ́ lórí itan. Ó dùn, ó jókòó, ó rọ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Kò pẹ́ tí mo fi mọ ìdí tó fi rọ̀ bẹ́ẹ̀.

"Oga!" obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pariwo. "Na your leg be that?"

"Sorry ma, I dey practise."

"Practise wetin? For my body?"

Ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín, dírẹ́bà dúró, wọ́n ní kí n sọ̀kalẹ̀. Ẹsẹ̀ ni mo fi rin ìyókù. Mo sì ń kà á bí mo ṣe ń lọ: ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì ńkọ́? Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í lu ìlù tó rọrùn, wọ́n ní mo ti ṣubú nínú ẹ̀mí. "Kọ́pà, iná dà?" pásítọ̀ á máa bi mí níwájú gbogbo èèyàn. Ọjọ́ Àìkú kan, wọ́n pè mí síwájú, wọ́n ní ọ̀tá ti ta ọwọ́ mi ní ọfà. Wọ́n gbàdúrà kíkan, wọ́n sì da òróró sí ọwọ́ mi méjèèjì. Wọ́n dà á dáadáa. Mo padà sídìí ìlù, mo gbé igi, orin bẹ̀rẹ̀, igi kan sì yọ̀ lọ́wọ́ mi, ó fò lọ sáàárín àwọn ìyá ìjọ. Ìyá kan fi gèlè gbà á. Mo fi ọwọ́ kan àti ẹsẹ̀ bá orin náà lọ títí tó fi parí. Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn wo Tamuno, ó mi orí sí mi. Orin náà ò yẹ̀ rárá.

Ìkórè dé, orúnkún Bàbá Díákónì ti sàn, ó sì padà wá sí ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn gbogbo ọ̀sẹ̀ tó fi tọ́jú rẹ̀ nílé. Ẹ jẹ́ n sọ fún yín pé nítorí gbogbo àṣemáṣe mi, ìgbìmọ̀ ìjọ ti wá gbé ìlù lọ sẹ́yìn spíkà ńlá méjì, bóyá kí n má baà rí ẹni tí n ó tún lé. Bàbá ò lè rí mi. Àyè tóóró kan ni mo ń gbà wo ilẹ̀, bàtà nìkan ni mo sì ń rí. Mo rí bàtà bàbá nígbà tó wọlé. Ọ̀tún lọ sókè, ó sinmi. Òsì lọ sókè, ó sinmi. Mo gbé ọwọ́ mi síbi tí bàtà yẹn bá ti balẹ̀. Ara mi ń bẹ̀ mí pé kí n dà á sílẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan péré. Mo gé ètè mi jẹ. Bàbá jó dé pẹpẹ, ó dúró díẹ̀, ó sì tún jó padà dé ẹnu ọ̀nà, ohun tí kò sẹ́ni tó ní kó ṣe. Kò sẹ́ni tó pariwo iná. Kò sẹ́ni tó rántí pé onílù kan wà níbẹ̀.

Lẹ́yìn ìsìn, mo gbọ́ ohùn rẹ̀ ní òdìkejì spíkà, ó ń bá pásítọ̀ sọ̀rọ̀. "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ó dùn mọ́ mi pé ẹ ti lé ọmọkùnrin asáré yẹn lọ, ẹ ti wá gba onílù gidi."

Mi ò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín ni tàbí kí n sunkún. Yẹmisí ló dá a lóhùn. "Daddy, àwọn náà ni o. Na the same Kọ́pà."

"Irọ́ ni."

"Daddy, I swear."

"Mú un wá sílé. Kó wá lù ú lójú mi."

Kò sí ìlù nílé wọn. Ìyá Yẹmisí fún mi ní ọmọ-orógùn méjì, ó da ọpọ́n oníke kan dé síwájú mi. Bàbá fara ti àga, ó gbé ẹsẹ̀ lé àpótí ọjọ́sí, èmi náà sì jìnnà sí àpótí yẹn. "Lù ú," ó ní. Mo lù ú. Ó ń mi orí. Nígbà tó yá, orí dúró, ẹnu là díẹ̀, bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í hanrun. Ìyọnu dé. Bí mo bá dákẹ́, á jí. Bó bá jí tó sì rí i pé mo ti dákẹ́, ọ̀rọ̀ "kò lè dúró tì í" ti padà dé nìyẹn. Mo ń lù. Wọ́n gbé ìrẹsì àti ẹja sórí tábìlì, òórùn rẹ̀ ń pè mí lórúkọ, mo ń lù. Iná lọ, fáànù dúró, òógùn ń wọ̀ mí lójú, mo ń lù. Yẹmisí àti ìyá rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, wọ́n di ara wọn mú, ẹ̀rín fẹ́ pa wọ́n.

Bàbá la ojú kan. "O ṣì wà níbẹ̀?"

"Mo wà níbẹ̀, sà."

Ó tún tẹ́tí díẹ̀ sí i. Ó wá gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò lórí àpótí náà, ó sì fi ọwọ́ tì í sọ́dọ̀ mi. "Jókòó. Ìyá Yẹmisí, ẹ bu oúnjẹ fún un."

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ò pọ̀. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bà jẹ́, mo mọ òwe yẹn láti kékeré, ṣùgbọ́n kò yé mi àfìgbà tí mo fi orúnkún bàbá Yẹmisí ra ìtumọ̀ rẹ̀. Onílù tí gbogbo èèyàn ń pariwo fún, kó yẹ ara rẹ̀ wò dáadáa. Èyí tí wọ́n gbàgbé, tí wọ́n kàn ń jó, òun ló ń ṣiṣẹ́. Mo ti ń sọ ọ́ fún àwọn ọ̀dọ́ onílù láti ìgbà náà, wọn kì í gbọ́, inú fóònù ni ojú wọn máa ń wà.

Mo mọ̀ pé wọn kì í gbọ́, torí pé ní ṣọ́ọ̀ṣì yẹn náà la ti ṣe ìgbéyàwó wa, kọ́pà tuntun kan ló sì wà nídìí ìlù. Nígbà tí èmi àti Yẹmisí gbé ẹsẹ̀ àkọ́kọ́ láti ẹnu ọ̀nà, mo wo ọ̀dọ̀ rẹ̀, mo rí i pé ó ti dijú. Pásítọ̀ ké pé, "Iná!" Ó parí. Yẹmisí fi ọwọ́ kan gbé aṣọ ìyàwó, ó fi èkejì di mí lápá, a sì sáré la àárín ṣọ́ọ̀ṣì kọjá bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ní ìlà iwájú, Bàbá Díákónì ń rẹ́rìn-ín. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo máa rí eyín rẹ̀ nìyẹn. Ó ń rẹ́rìn-ín débi pé omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ó sì na ọrùn ké sí mi bí mo ṣe ń kọjá lọ:

"Ọkọ ìyàwó, ṣé o ṣì wà níbẹ̀?"

Mo fẹ́ sọ pé mo wà níbẹ̀, sà. Ẹ̀rín àti èémí ò jẹ́ kí n lè sọ ọ́.